Ìròyìn Orí Fóònù àti Ọmọ Ìjọ



Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ẹ̀bólà bá ọkọ̀ òfurufú kúrò ní Monrovia yìí, ó gba Lomé, ó sì wọ Èkó. Ìròyìn èké kò dúró de ọkọ̀ kankan. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan tí a kò mọ orísun rẹ̀ gba orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì tàn ká Nàìjíríà, pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí àrùn náà má bàa wọlé. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lóru nítorí rẹ̀. Àwọn tí Ẹ̀bólà kò fọwọ́ kàn rárá, iyọ̀ gbé àwọn mìíràn nínú wọn dé ilé ìwòsàn; àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn ikú.

Ta ni ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́? Kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, ará ìjọ ni. Ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò wádìí a máa pani.

Níhìn-ín ní Làìbéríà, àrùn náà gba ẹ̀mí tí ó lé ní 4,800, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé irọ́ ni. Fóònù kan náà sì gbé ẹ̀kọ́ ọwọ́ fífọ̀ dé ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi.

Nítorí náà, kí a tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ta ni ó sọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Bí a kò bá rí ìdáhùn, kí ó kú sí ọwọ́ wa. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, kò ṣe é kó. Kí Olúwa ṣọ́ ẹnu wa àti ìka wa. Àmín.