Ìrànlọ́wọ́ Òkè Òkun àti Àtúnkọ́ Ilẹ̀ tí Ogun Fọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa



Ìbéèrè tí ẹ gbé lé wa lọ́wọ́ ni èyí: bí ogun bá fọ́ ilẹ̀ kan, tí àwọn àlejò sì kó owó àti ọgbọ́n wá láti bá onílé tún un kọ́, ǹjẹ́ wọ́n lè gbin ìjọba àwa-ara-wa síbẹ̀ pẹ̀lú? Àwa rò pé ó sàn kí a wo ibi tí a ti dán an wò rí ju kí a máa fi ẹnu lásán jiyàn lọ. Ilẹ̀ Làìbéríà ni a ó wò, nítorí kò jìnnà sí wa, àti nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní òpin ọdún 1989 ni Charles Taylor kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ẹnu ààlà wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn sójà ECOMOG, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti Nàìjíríà, gúnlẹ̀ sí Monrovia. Nígbà tí ó pẹ́, ìjà rọlẹ̀, a sì dìbò ní oṣù keje ọdún 1997. Ta ni ó wọlé? Taylor náà ni, pẹ̀lú ìbò tí ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nítorí ọ̀pọ̀ ará ìlú bẹ̀rù pé bí wọn kò bá yàn án, yóò tún gbé ìbọn. Ẹni tí ó dìbò kí a má baà pa á, owó ìràpadà ni ó san. Kì í ṣe olórí ni ó yàn. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ogun tún bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ kan tí ó korò díẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1997 yìí kan náà tí àwọn sójà wa ń ṣọ́ àpótí ìbò ní Làìbéríà, ìjọba ológun ni ó wà lórí àwa fúnra wa nílé. A ti fagi lé ìbò June 12 ọdún 1993, Olóyè M. K. O. Abíọ́lá tí ìbò náà gbè sì wà nínú àtìmọ́lé. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. A kò fi èyí bu iyì àwọn ọmọ ogun náà kù, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni kò padà wá sílé mọ́.

Ní ọdún 2003, àwọn obìnrin Làìbéríà dìde. Leymah Gbowee wà lára àwọn aṣáájú wọn. Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ń jókòó nínú oòrùn àti òjò nítòsí ọjà ẹja ní Monrovia. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà ní Accra ń falẹ̀, àwọn kan nínú wọn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọkùnrin jáde títí ọ̀rọ̀ yóò fi ní ìyanjú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó sì wá sí Calabar. Ní ọjọ́ 18, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Onílé ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó kó ọmọ ogun rẹ̀ dé ní oṣù kẹwàá. Àwọn wọ̀nyí tó 15,000 nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, wọn kò sì parí iṣẹ́ níbẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 2018.

A dìbò ní òpin ọdún 2005, Ellen Johnson Sirleaf sì borí George Weah, agbábọ́ọ̀lù olókìkí nì. Obìnrin yìí ni àkọ́kọ́ tí a fi ìbò yàn ṣe olórí orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpò ìjọba ni a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kí ìbò tó wáyé, àwọn olùrànlọ́wọ́ ti mú ìjọba fìdí-hẹ-ẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tí a ń pè ní GEMAP. Ní èbúté, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ní ilé iṣẹ́ epo àti ní báńkì àgbà, a fi àjèjì kan ti ọmọ onílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá jọ fọwọ́ sí i, owó kò gbọdọ̀ jáde. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ìjọba amúnisìn? Ìtìjú ni lóòótọ́, àwa kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Síbẹ̀ owó tí ń wọlé fún ìjọba pọ̀ sí i, nígbà tí ó sì di ọdún 2010, a dárí gbèsè tí ó tó bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ dọ́là jì wọ́n. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé iwájú àwọn olówó òkè òkun ni a ti ń jíhìn jù. Ará abúlé tí ó san owó orí kò rí ìwé ìṣirò náà.

Ẹ̀yin Ìjòyè yóò tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ìwé òfin Làìbéríà ti ọdún 1986 sọ pé àwọn ará ìlú ni yóò máa dìbò yan baálẹ̀ àti olóyè wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ dájọ́ pé, níwọ̀n bí kò ti sí owó fún ìdìbò ìlú, ààrẹ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan àwọn olórí ìlú. A rí owó yan olórí òkè; a kò rí owó yan ti ìsàlẹ̀.

Ní Jámánì, ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1946, ní apá ibi tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, àwọn abúlé àti ìlú kékeré ni a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó dìbò, nígbà tí ebi ṣì ń pa wọ́n. Owó Marshall kò dé títí di ọdún 1948, ìwé òfin tuntun sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1949. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 13 dọ́là tí Amẹ́ríkà ná ní Yúróòpù, èyí tí ó kan ìwọ̀ oòrùn Jámánì kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, oko tí a ti ro rí ni: Konrad Adenauer, tí ó di olórí ìjọba wọn, ti ṣe olórí ìlú Cologne fún ọdún 16 kí Hitler tó lé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni Nehemáyà gba igi láti inú igbó ọba Páṣíà, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, ọ̀pọ̀ ni ó mọ ti iwájú ilé ara rẹ̀.

A kò sọ pé iṣẹ́ Làìbéríà já sí asán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, Sirleaf gbé ìjọba fún Weah ní àlàáfíà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Weah fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò díẹ̀, ó sì gbà fún Joseph Boakai kí a tó ka ìbò tán. Ẹ ronú wò, ẹ̀yin ará wa, iye ààrẹ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè tiwa yìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilé iṣẹ́ USAID pa, àwọn ilé ìwòsàn Làìbéríà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àlejò ti lọ. Àjèjì tí ń fọwọ́ sí ìwé owó ti lọ. Owó oògùn náà sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 2029 ni wọn yóò tún dìbò fún ààrẹ, owó ara wọn ni ó sì jọ pé wọn yóò fi ra àpótí ìbò.