Hẹ́dífóònù Olówó Pọ́ọ́kú: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Díjéè Rà Á?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn àgbà. Ẹ̀rọ tí díjéè máa ń gbé kọ́ orí, tí ó fi ń bo etí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí hẹ́dífóònù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí èyí tí ó gbówó lórí wà, tí olówó pọ́ọ́kú náà sì wà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn náwó lé olówó pọ́ọ́kú?

Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú arúgbó kì í wọ́n ní ìgboro; bẹ́ẹ̀ ni ayẹyẹ kì í tán láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà tí ó jẹ́ pé owó iṣẹ́ díjéè ọjọ́ Sátidé ni ó fi ń ra ìwé, tí ó sì fi ń jẹun. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà yóò jẹ́, ohun èlò tí ó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí gidigidi. Ẹni tí ó bá ṣi ọjà rà nísinsin yìí, àdánù rẹ̀ kò kéré.

Kí a tó dá ẹjọ́ ẹ̀rọ kan, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ tí ó ń gbọ́ orin, adùn ni ó ń wá. Ohun tí díjéè ń wá yàtọ̀. Bí orin kan ti ń dún lọ ní gbangba, díjéè ti ń fi etí kan gbọ́ orin tí ó kàn. Etí kejì ṣí sílẹ̀ sí agbo ijó. Ó ń wò ó bóyá ìlù orin kejì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ó lè mú méjèèjì dọ́gba kí ó tó tú u sílẹ̀ fún àwọn oníjó. Ní ìlú New York, ní nǹkan bí ọdún 1970, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Francis Grasso sọ ọgbọ́n yìí di olókìkí. Ṣùgbọ́n kò ṣe àjèjì sí wa. Onílù dùndún a máa tẹ etí sí ìlù rẹ̀ láàrin ariwo òde, kí ó lè mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ti bọ́ sí ipò.

Bí iṣẹ́ náà bá rí báyìí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n hẹ́dífóònù díjéè.

Èkínní ni pé kí ó lè dí ariwo mọ́ ìta. Ìdí rẹ̀ nìyí. Kí a gbà pé ariwo agbo ijó jẹ́ 95 dẹ́síbẹ̀lì, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n ariwo. Bí hẹ́dífóònù bá dí 20 nínú rẹ̀, 75 ni yóò wọ etí, díjéè yóò sì lè gbọ́ orin kejì ní 80 tàbí 85. Bí ó bá jẹ́ 5 péré ni ó dí, 90 ni yóò wọlé. Kò sí bí díjéè yóò ṣe gbọ́ orin tirẹ̀ àfi kí ó gbé e dé 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni pé kí ohùn inú rẹ̀ yanjú. Lára páálí àwọn olówó pọ́ọ́kú, ohun tí wọ́n sábà fi ń polówó ni ohùn ìsàlẹ̀ tí ń kù rìrì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, gúdúgúdú kéré, ohùn rẹ̀ sì ròkè, ṣùgbọ́n òun ni ó ń di ìwọ̀n ìlù mú ṣinṣin. Bí ohùn ìyáàlù bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ oníjó yóò ṣì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hẹ́dífóònù tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gbé ìyókù mì: díjéè kò ní mọ ibi tí ìlù gbé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Ibi mẹ́ta ni hẹ́dífóònù ti sábà ń bàjẹ́: ìdí ẹnu wáyà, oríkèé tí ó so ìbòtí mọ́ apá tí ó gba àtàrí kọjá, àti tìmùtìmù etí tí òógùn àti ooru máa ń bó. Nítorí náà, kí a béèrè pé, ǹjẹ́ wáyà rẹ̀ ṣeé yọ kí a fi òmíràn sí i? Ǹjẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì. Ilé-iṣẹ́ Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì gbé HD 25 jáde ní ọdún 1988. Ó fúyẹ́, nǹkan bí gíráàmù 140. Ìbòtí rẹ̀ kan ṣeé yí sẹ́yìn kúrò lórí etí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀yà rẹ̀ tí a kò lè rà lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi wà lọ́wọ́ àwọn díjéè títí di òní. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2020, Pioneer DJ gbé HDJ-CUE1 jáde fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní owó tí ó kéré sí ti HD 25 dáadáa. Ike ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, àmọ́ ìbòtí rẹ̀ ṣeé yí, wáyà rẹ̀ sì ṣeé yọ. Èyí fi hàn pé olówó pọ́ọ́kú lè mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí ó ṣe é bá mọ ohun tí díjéè nílò.

Ọ̀tọ̀ ni olówó pọ́ọ́kú, ọ̀tọ̀ ni ayédèrú. Hẹ́dífóònù tí ó ru orúkọ ńlá, tí wọ́n ń tà ní ìdá mẹ́rin iye rẹ̀, ẹ sá fún un. Ó sàn kí a ra ojúlówó tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ ju kí a ra orúkọ tí kò ní ojúlówó nínú lọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní wáyà fún iṣẹ́ yìí. Ohùn tí ó bá gba ọ̀nà Bluetooth sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé etí. Bí orin bá ń lu ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó wà láàrin ìlù kan àti èkejì. Bí ohùn bá fi ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, ìdá márùn-ún ìwọ̀n náà ti lọ. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mú ìlù méjì dọ́gba pẹ̀lú ohùn tí ó ti pẹ́ dé?

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, ní Sábó tàbí ní Lágéré, ẹ má ṣe dán an wò nínú ìdákẹ́jẹ́. Ẹ gbé e jáde sí ẹ̀bá títì, níbi tí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo. Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sínú fóònù, kí ẹ sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìlù rẹ̀ yékéyéké, ó ti yege ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹ rọra yí wáyà nídìí ẹnu rẹ̀. Bí ohùn bá ń já, ẹ dá a padà. Ẹ ti ìbòtí kan sẹ́yìn etí. Bí oríkèé bá ń ké, ẹ dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kún un. Kí a sọ pé ọ̀kan jẹ́ 20,000 náírà, tí kì í lò ju oṣù 3 lọ, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Láàrin ọdún 3, méjìlá ni a óò rà, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ 240,000. Bí a bá rí èyí tí ó jẹ́ 60,000 tí ó lo ọdún 3, tí a sì ná 20,000 lórí wáyà àti tìmùtìmù rẹ̀, 80,000 ni gbogbo rẹ̀. Ta ni ó ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Síbẹ̀, owó kọ́ ni ó ká mi lára jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tí ó jẹ́ 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fi 3 kún un, ìdajì àkókò náà yóò dínkù. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé 95: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù fún odindi ọ̀sẹ̀. Àríyá alẹ́ kan ṣoṣo a sì máa gba wákàtí márùn-ún! Àwọn irun tín-ín-tìn-tín kan wà nínú etí wa tí a fi ń gbọ́ràn. Bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í tún hù mọ́, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Àwọn àgbà ní, bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n. Ta tún ni ará ilé ẹni bí kò ṣe etí ẹni?

Nítorí náà, èsì mi rèé. Hẹ́dífóònù olówó pọ́ọ́kú tí ó dí ariwo, tí ohùn rẹ̀ yanjú, tí ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ó yẹ ní rírà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tijú rẹ̀, kí ó má sì jẹ gbèsè nítorí orúkọ ńlá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń fi ipá mú wa gbé ohùn sókè kí a tó gbọ́ nǹkan, bí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó wọ́n jù. Èyí tí ẹ bá sì rà, ẹ má ṣe fi etí kan náà ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Ẹ máa yí i sí etí kejì, kí ẹ má ṣe dúró síwájú ẹnu sípíkà, kí ẹ sì máa jáde lọ sinmi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa fi ìṣirò dẹ́síbẹ̀lì yìí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì; yóò wúlò fún wọn ju ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán lọ.  Ẹ̀yin olùwòran wa, kí etí wa má di o.