Bí Ọkọ̀ Bá Yọnu Lọ́nà Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Okùn, Tówìn àti Ọkọ̀ Ọ́tò

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

    

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí. Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, kí àwọn tó kù lè gbọ́.

Láyé bọ́lẹ̀kájà, bí mọ́tò bá bàjẹ́ lọ́nà, wàhálà onímọ́tò nìyẹn. Àwa á sọ̀kalẹ̀, a á wọ òmíràn. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi owó kọpurétífù ra Sienna tàbí bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ń bá wa wà á. Ọkọ̀ ọ̀hún ti di ìsọ̀ kejì. Bí ó bá dákẹ́, ọjà á dákẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè ò ní dákẹ́.

Ẹni wa yìí kó ẹlùbọ́ ní Ìṣẹ́yìn, ó ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Kí wọ́n tó dé Ìjáyè, hóòsì tó ń gbé omi lọ sí rádíétọ̀ bẹ́. Omi tú dànù, atọ́ka ooru gun ibi pupa. Dírẹ́bà rẹ̀ ṣe dáadáa, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Títí débẹ̀, kò tíì sí aburú. Hóòsì kan ṣoṣo ni, owó rẹ̀ ò tó iye tí à ń ta àpò ẹlùbọ́ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wá dúró, wọ́n ní àwọn á fà á dé Mọ́níyà. Wọ́n so okùn mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n fi jíà sí fírì, wọ́n fà á tẹrùtẹrù, wọ́n sì ń sáré. Nígbà tí wọ́n dé, mẹkáníìkì pààrọ̀ hóòsì, ó bu omi sí i, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ geere. Ó fi jíà sí D, ọkọ̀ ò mira. Ó fi sí R, kò mira. Jíà ti jóná.

Àwọn kan nínú ọjà ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ayé sílẹ̀ nínú èyí. Okùn ló ṣe é. Hóòsì ló bàjẹ́, jíà ni a sanwó rẹ̀. Owó jíà tókunbọ̀ náà ló kó owó tí ì bá fi ra ẹlùbọ́ lọ, kọpurétífù sì ń retí tirẹ̀ ní ìparí oṣù.

A bi àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n mọ iṣẹ́, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ. Ọkọ̀ ọ́tò, èyí tí kò ní kúlọ́ọ̀ṣì tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ọ́ìlì ló gbé jíà rẹ̀ ró. Pọ́ńpù kan wà nínú jíà náà tó ń pín ọ́ìlì káàkiri, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí pọ́ńpù yẹn. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, pọ́ńpù á dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fa ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, táyà ń yí, táyà sì ń yí irin inú jíà. Irin ń ha irin, ọ́ìlì ò dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata mọ ohun tí à ń wí. Ẹ tan ẹ̀rọ ìlọta, kí ẹ jẹ́ kó máa yí lásán láìsí ata, láìsí omi, kí ẹ wá wo bí òkúta á ṣe gbóná tí á máa rùn. Fírì tí wọ́n ń sọ yẹn, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti táyà. Kò dá irin inú jíà dúró.

Àwọn dírẹ́bà wa tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí. A ò bá wọn jà. Ọkọ̀ mánúà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, jíà mánúà sì máa ń gba fífà mọ́ra jù, nítorí inú ọ́ìlì ló jókòó sí, bó ti ń yí ló ń fi ọ́ìlì ra ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ kì í ṣe irọ́, ọkọ̀ ló yí padà. Bákan náà ni ti títì. Ọkọ̀ mánúà tí bátìrì rẹ̀ kú, àwọn ọmọ ọjà á tì í, á jí. Ọ́tò kì í gba títì jí. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ míì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é.

Kí ni ká wá ṣe bí ọ́tò bá yọnu lọ́nà? Ẹ kọ́kọ́ ro ti ẹ̀mí. Ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá bí ọkọ̀ bá ṣì lè yí. Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó jìnnà tó 50 ìgbésẹ̀, ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀. Ewé tí a máa ń já sójú ọ̀nà ò ríran lóru. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi òkúta dí táyà, ẹ dákun, ẹ gbé òkúta yín kúrò kí ẹ tó lọ. Kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n lọ dúró lórí koríko. A mọ bí ẹrù ṣe ń dun ni, àwọn mìíràn nínú wa á jókòó ti ẹrù lójú títì. Tírélà tí búréèkì rẹ̀ já ò mọ ẹlẹ́rù. Bí omi rádíétọ̀ bá ń hó, ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ àfi tó bá tutù, ó máa ń bó ni lójú. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti 1988, nọ́ńbà wọn ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín báyìí kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ti fífà. Bí mẹkáníìkì bá lè tún un ṣe níbi tó wà, ẹ jẹ́ kó wá síbẹ̀. Hóòsì ẹni wa yẹn, ọmọ mẹkáníìkì kan lórí ọ̀kadà ì bá gbé e wá láti Mọ́níyà. Bí kò bá ṣeé ṣe, tówìn ni kí ẹ pè, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ẹ kàn dákẹ́ máa wò wọ́n. Ẹ mọ táyà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín ń yí. Èyí tó pọ̀ jù nínú Sienna, Camry àti Corolla tó wà lọ́wọ́ wa, táyà iwájú ni. Nítorí náà iwájú ni kí wọ́n gbé sókè, kí tẹ̀yìn máa yí nílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn sókè tí iwájú ń wọ́ nílẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan, bí okùn náà ni. Bọ́ọ̀sì Hiace ní tirẹ̀, táyà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ni kí wọ́n gbé, tàbí kí mẹkáníìkì tú ṣáàfù gígùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó fà á. Àwọn Sienna kan àti ọ̀pọ̀ jíìpù wà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò gba gbígbé ojú kan, odidi rẹ̀ ni kí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kí ó bi mẹkáníìkì rẹ̀ lọ́la. Kí ó má dúró dìgbà tó bá wà nínú igbó.

Bí okùn nìkan ló wà, tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ibẹ̀ ò sì dára? Ẹ lè fà á, ṣùgbọ́n kìkì dé ibi tí ewu ò sí ni: ilé epo tó wà níwájú, abúlé tó súnmọ́. Ẹ rọra fà á bí ẹni ń rìn kánkán. Kí okùn náà nípọn, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ àárín rẹ̀ kí ọlọ́kadà má baà gba àárín kọjá. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà, ẹ má sì so ó mọ́ irin tó di táyà mú, ó máa ń tẹ̀, sítíárìn ò sì ní dúró tọ́ mọ́. Ojú ìdè wà lára ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin kan wà nínú búùtù pẹ̀lú jáàkì tí a máa ń lọ́ mọ́ iwájú. Ẹ wá a kiri kí ẹ tó rìnrìn àjò, torí ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ ni irin yẹn ti sọnù nínú rẹ̀.

Ẹni tó jókòó sí ọkọ̀ tí wọ́n ń fà, dírẹ́bà gidi ni kó jẹ́, kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn má baà tì. Kí ó mọ̀ pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, búréèkì á le bí òkúta, sítíárìn á wúwo, á ní láti fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ kí okùn má rọ̀, torí okùn tó bá rọ̀ tó tún já gàn-án lójijì ló ń fa nǹkan ya. Kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí okùn náà. Bí ó bá já, ó ń nà ju pàṣán lọ. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ fi ẹnì kan ti ẹrù nínú koríko níbẹ̀, tàbí kí ẹ kó o sí ọkọ̀ míì. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nípa owó, ó yà wá lẹ́nu. Àwa tí a ń ná owó tòmátì títí ẹnu á fi bó, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ a ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ti gbé ọkọ̀ kọ́ sókè tán kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ẹ ná an nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ fi fóònù ya ara ọkọ̀ yín yíká kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ti ha tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ní ọkọ̀, tí ẹ kàn ń háyà, ẹ ní ẹnu níbẹ̀ o, ẹrù yín ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó bá sì ṣeé ṣe kí ọkọ̀ má tilẹ̀ dúró, ẹ ṣe é nílé. Ẹ wo omi àti ọ́ìlì láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì, èyí tó bá ti rọ̀ jù tàbí tó ti ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹrù àpọ̀jù máa ń pa jíà Sienna: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn, a di àpò ẹlùbọ́ kún un dé òrùlé, a tún gbé mìíràn sórí. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023, àwọn dírẹ́bà kan tún ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ láti fi ṣọ́ epo. Ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn. Ìyẹn náà jẹ́ fífa ọ́tò láìsí ọ́ìlì, búréèkì ò sì ní mú dáadáa mọ́.

Ẹgbẹ́ ti ra okùn 2 àti C-caution 4, wọ́n wà lọ́dọ̀ akápò. Ẹni tó bá ń lọ sọ́nà ẹrù lè yá a lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n á fọwọ́ síwèé, bí ó bá sọ ọ́ nù, á ra òmíràn. Ní ti ẹni wa, kọpurétífù ti gbà láti sún owó rẹ̀ síwájú fún oṣù 3. Ẹni tó bá fẹ́ fi àpò ẹlùbọ́ yá a kó lè máa tà, kí ó rí wa lẹ́yìn ìpàdé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ ló kù.