Ẹ̀wù Awọ Bàbá Páílọ́ọ̀tì: Bí A Ti Ń Ka Ohun-Èlò Gẹ́gẹ́ Bí A Ti Ń Ka Ewì

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mò ń ṣe. Èmi kì í ṣe télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe òpìtàn ogun. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kan ni mo gbé ka orí tábìlì yìí, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹ̀wù náà ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àbúrò bàbá ìyá mi ni ó ni ín. Ní Ṣágámù, tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ wọ́n sí Bàbá Páílọ́ọ̀tì. Ìtàn tí a bá nílé ni pé wọ́n wa ọkọ̀ òfurufú fún ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hítílà, àti pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé ẹ̀wù yìí bọ̀ ní 1945. Nígbà tí wọ́n kú ní 2001, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí-ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Mo kọ ‘awakọ̀ òfurufú nínú ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì’ síbẹ̀, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sọ ibi tí ó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ-ọmọ wọn kan fẹ́ gbé ẹ̀wù náà sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ ilé ẹbí. Ó ní kí n kọ ìlà mẹ́ta tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn: irú ẹ̀wù wo ni èyí, ìgbà wo ni a rán an, ta ni ó wọ̀ ọ́? Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Àṣìṣe mi ní 2001 ni pé mo fi ìdáhùn kan ṣoṣo dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkíní. Ẹ̀wù awọ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì jù lọ nígbà ogun náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Irvin. Awọ àgùntàn ni. Irun rẹ̀ wà nínú, awọ wà lóde, nítorí pé òtútù ojú òfurufú kò dára. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan ní Ṣágámù lè dákú. Ẹ̀wù bàbá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, kò ní irun rárá, aṣọ òwú lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́-awọ kan ní Sábó. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ní kì í ṣe ewúrẹ́, nítorí pé awọ ewúrẹ́ ní ríri wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ máa ń mọ̀. Ó ní ẹṣin tàbí màlúù ni. (Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn awọ òkèèrè. Ó rán mi létí pé awọ ewúrẹ́ Kánò àti Sókótó ni ó ń gba aṣálẹ̀ kọjá dé ọwọ́ àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní awọ Mòrókò. Mo rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń fi orúkọ wá orírun nǹkan fi èyí sọ́kàn.)

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí a ti rán an. Bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ onírin wà lábẹ́ kọ́là, a fi í pamọ́. Àpò méjì ni ó wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdérí tirẹ̀. Òwú híhun ni ó di ọrùn-ọwọ́ àti ìbàdí mú. Awọ ẹyọ kan ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ojú rírán níbẹ̀. Kò ní àpò ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn lè ti ọwọ́ bọ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí a ń rán fún fáàrí lóde òní. Gbogbo àmì wọ̀nyí bá ẹ̀wù tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ní 1931 mu, tí wọ́n pè ní A-2. Ti Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè kejì ni ó gba àkókò mi jù. Àkọlé híhun kékeré kan wà lábẹ́ kọ́là. Òógùn ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo rí orúkọ A-2, mo rí nọ́ńbà àwòrán ìránṣọ, èyí tí í ṣe 30-1415, mo sì rí ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìwé àṣẹ: 42, pẹ̀lú àmì fífà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà ni 42 yìí ń tọ́ka sí, ọdún náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1941, ó parí ní oṣù Kẹfà 1942. Ọjọ́ tí a pàṣẹ ẹ̀wù ni èyí. Ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó rán an tán, kò sì sọ ohunkóhun fún wa nípa ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gba àkọlé gbọ́ lásán. Àwọn tí ń rán àfijọ A-2 lónìí máa ń hun irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sí i, títí dé orí nọ́ńbà. Ohun tí ó yọ wá ni fọ́tò kan tí bàbá yà ní 1958, tí ọdún náà wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ayàwòrán. Ẹ̀wù yìí ni ó wà lọ́rùn wọn; ilà kan tí ó wà lápò òsì hàn kedere. Nínú fọ́tò náà, síìpù onírin ń dán. Lónìí, síìpù náílọ́ọ̀nù ni ẹ ń wò yìí. Bí mo bá jẹ́ aláìsùúrù, síìpù yìí ni ǹ bá fi sọ pé ayédèrú ni ẹ̀wù náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tuntun. Télọ̀ kan ni ó pààrọ̀ rẹ̀.

A mọ irú èyí nínú oríkì. Ìlà tí ó bá dárúkọ rélùwéè nínú oríkì ọmọ Ìbàdàn kò lè pẹ́ tó ìlú náà, nítorí pé 1901 ni rélùwéè dé Ìbàdàn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tìtorí ìlà kan pe gbogbo oríkì náà ní ti àná. Ihò abẹ́rẹ́ ni a ń wá.

Ó ku ìbéèrè kẹta, òun ni ó dùn mí jù. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà fò fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹwàá 1939 ni ìjọba ibẹ̀ mú òfin tí kò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá nínú ọmọ-ogun kúrò títí ogun yóò fi parí. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ̀gá nínú ọmọ-ogun òfurufú ní 1942. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa á ní Wales ní 1945. Akin Shenbanjo bá wọn fò nínú ọkọ̀ Halifax ti ẹgbẹ́ 76 Squadron, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa níhìn-ín, Táí Ṣólàárín ti Ìkẹ́nnẹ́ wà nínú ọmọ-ogun òfurufú náà gẹ́gẹ́ bí atọ́nà ọkọ̀, kí ó tó lọ sí yunifásítì ní Manchester, kí ó sì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ̀wù awọ.

Ẹ̀wù nìkan kò lè dá bàbá wa lẹ́bi. Àwọn ọmọ-ogun a máa pààrọ̀ ẹ̀wù láàárín ara wọn, ti Amẹ́ríkà sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Nítorí náà mo tọ ọmọbìnrin wọn àgbà lọ, ẹni tí mo ń pè ní Mọ̀mí. Mo tẹ́ ẹ̀wù náà síwájú wọn, mo ṣàlàyé nọ́ńbà, mo ṣàlàyé awọ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

‘Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò gbọ́ kí bàbá máa sọ Haúsá ni? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́ ọ ni?’

Mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ. Bàbá a máa bá àwọn ará Sábó ná ọjà ní Haúsá tí ó já geere, n kò sì fi ìgbà kankan béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kánò ni. Láti 1940 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń to ọkọ̀ òfurufú ní Takoradi, tí wọ́n ń gbé e gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì lọ sí Káírò. Láti 1941 ni ilé-iṣẹ́ Pan American ti Amẹ́ríkà náà ti ń ná ọ̀nà yìí, kí àwọn ológun wọn tó gbà á. Mọ̀mí ní iṣẹ́ ẹrù ni bàbá ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, àti pé Amẹ́ríkà kan ni ó bọ́ ẹ̀wù náà fún wọn nígbà tí ó ń lọ.

Mo bi wọ́n pé ta wá ni ó sọ pé bàbá wakọ̀ òfurufú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. ‘Àwa ọmọ ni. Àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ń fi tíṣà wọn yangàn fún wa pé ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú nígbà ogun. Àwa náà ní bàbá, bàbá náà ní ẹ̀wù. Wọn kò jẹ́ ẹ lẹ́nu wọn rí o. Wọn kò kàn bá wa jiyàn ni.’

Ìlà mẹ́ta tí mo kọ nìyí: Ẹ̀wù awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, oríṣi A-2. A pàṣẹ rẹ̀ láàárín oṣù Keje 1941 àti oṣù Kẹfà 1942. A pààrọ̀ síìpù rẹ̀ lẹ́yìn 1958. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ní Ṣágámù ni Bàbá Páílọ́ọ̀tì, òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú Kánò.

Ẹbí kò tíì gba ìlà kẹta. Àwọn kan ní mo ti rẹ bàbá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì béèrè, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ìdí tí mo fi kọ òdìkejì rẹ̀ ní 2001. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni a óò tún jókòó lórí rẹ̀. Mo ti mú ìwé ètò ìsìnkú náà wá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù. Ẹ lè wá wo méjèèjì nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan awọ náà jọ̀wọ́ kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀.