Ilé ọ̀rẹ́ tó kú: olùṣọ́ ni ọ́, o kì í ṣe onílé

  Ọ̀rọ̀ tòní kò ní gùn.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: bí ọ̀rẹ́ ẹni bá kú sí Warri níbí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tí kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́wọ́ ẹni, kí ni kí èèyàn ṣe kí a tó mọ ẹni tí olóògbé yàn láti bójú tó ogún rẹ̀? Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Effurun. Ohun tí mo ṣe ni mo máa sọ.

Àkọ́kọ́, pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ kò sọ ọ́ di onílé. Olùṣọ́ ni ọ́. Olùṣọ́ kì í pín nǹkan, kì í tà, kì í gba owó ilé. Ẹni tí kò láṣẹ tó bá ń ṣe ìyẹn, òfin lè ní kó wá ṣírò gbogbo rẹ̀, kó sì san án. Àmọ́ kí èèyàn ti ilẹ̀kùn, kó pa gáàsì, kó ṣètò ìsìnkú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì, má dá wọlé. Mo pe alága àwọn onílé àdúgbò àti màmá Urhobo kan tó ń gbé ní òdìkejì. A jọ wọlé, a ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan. A kọ gbogbo ẹrù sílẹ̀, àtorí jẹnẹrétọ̀ dórí aago ọwọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i. A kó oúnjẹ inú fíríìjì dànù, a pa gáàsì àti ẹ̀rọ omi. Iná ìta nìkan la fi sílẹ̀, torí ilé tó ṣókùnkùn ń pe olè. Àgádágodo tuntun méjì la fi sí ẹnu ọ̀nà: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, èkejì lọ́wọ́ alága. Kò sẹ́ni tó lè dá wọlé mọ́, títí kan èmi.

Ìwé ilẹ̀, ìwé ọkọ̀ àti káàdì ATM, a kó wọn sínú àpò ìwé, a lẹ̀ ẹ́, a fọwọ́ sí ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ o: kódà bí o bá mọ nọ́ńbà ATM rẹ̀, má fà á. Owó òkú, ìwé kóòtù ló ń gbé e jáde ní báńkì. Àwọn ayálégbé ẹ̀yìn ilé náà, mo ní kí wọ́n di owó wọn mú ná.

Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan dé láti ilé, ó ní àbúrò olóògbé lòun, òun fẹ́ gbé ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Ẹ̀yin ni ẹbí, ọ̀rẹ́ lásán ni mí. Àmọ́ ohun tí mo bá gbé fún yín lónìí, ọmọ rẹ̀ á bi mí lọ́la." Ó pè mí lólè lójú àwọn èèyàn. Ó dùn mí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo ránṣẹ́ pe alága, a ṣílẹ̀kùn, a ka ìwé ẹrù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí i pé ṣíbí kan kò sọnù, òun náà fọwọ́ sí i.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí mi ò fi lé ẹbí lọ́wọ́? Ẹ rántí ẹjọ́ Olowu. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá náà, Benin ló ń gbé, ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ní 1942 ó sì di ọmọ Benin. Kò ṣe ìwé ìhágún kó tó kú. Ìjà dé: ṣé àṣà Ìjẹ̀ṣà ni a ó fi pín ogún ni, àbí ti Benin? Ó di 1985 kí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ tó ní ti Benin ni. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ọmọ ló nípìn-ín, yálà ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ní Benin, ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú, tí wọ́n ń pè ní Igiogbe, àkọ́bí ọkùnrin ló ni ín. Bó bá gba kóòtù ní ọdún gbọọrọ, ta ni èmi tí màá fojú lásán mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, lọ́yà rẹ̀ la wá kàn. Kóòtù Gíga ní ẹ̀ka tó ń rí sí ogún. Èèyàn lè fi ìwé ìhágún pa mọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé kankan, àwọn ọmọ á gba létà àṣẹ níbẹ̀. "Next of kin" tí a ń kọ sí fọ́ọ̀mù, kò sọ èèyàn di ajogún o.

Tiwa, ìwé wà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin àti lọ́yà ló yàn. Lẹ́yìn tí kóòtù fọwọ́ sí i, a ka ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gba ìwé ẹ̀rí pé mo ti dá gbogbo rẹ̀ padà, mo fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láyé, ẹ sọ fún ẹnì kan ibi tí ìwé yín wà. Kí wọ́n má baà pe ọ̀rẹ́ yín lólè nítorí yín.