OJÚ TÍ ỌLỌ́RUN FÚN WA: ÀTÚNṢE NI TÀBÍ ÌYÍPADÀ?
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó dá wa, tí ó sì ya àwòrán wa bí ó ti wù Ú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi àwa àlùfáà lórí ọ̀rọ̀ ojú kò níye mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin fẹ́ pa ilà tí wọ́n kọ fún un ní kékeré rẹ́. Ẹni tí iná jó lójú fẹ́ mọ̀ bóyá àtúnṣe wà. Arábìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ fẹ́ kí ojú òun pọ́n sí i. Gbogbo wọn ni ó ń béèrè pé: "Ṣé harámù ni?" Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ èsì tí ó pé, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: kí ni mo fẹ́ tún ṣe? Kí ni yóò bàjẹ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a mú ti àkọ́kọ́. Hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud fi yé wa pé ègún wà lórí àwọn tí ń fín ara, tí ń tu irun òkè ojú, tí ń la èjí àtọwọ́dá sí eyín nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́run padà. Ṣùgbọ́n Sàhábé kan wà tí à ń pè ní Arfajah ọmọ As'ad, tí wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun. Ó fi fàdákà ṣe imú, fàdákà náà ń rùn. Ànábì (s.a.w.) sì ní kí ó fi wúrà ṣe é, wúrà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Abu Dawud àti Tirmidhi gbà á wá. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti rí i dìmú pé títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kì í ṣe yíyí ẹ̀dá padà. Ọmọ tí a bí tí ètè rẹ̀ là, ojú tí iná jó, imú tí ó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀: ìtọ́jú ni gbogbo ìwọ̀nyí.

Ilà ojú ńkọ́? Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́: ọwọ́ olóòlà ni wọ́n ti wá, kò sí ẹni tí ó bá wọn wáyé. Ẹni tí ó fẹ́ kí ojú òun padà sí bí Ọlọ́run ti dá a, èmi kò kà á mọ́ àwọn tí ń yí ẹ̀dá padà, bí ìpalára kò bá sí níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ilà tuntun fún ọmọ ni kí ó bẹ̀rù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2007.

Ó wá ku ìbéèrè kejì. Dókítà kò lè fọ ilà kúrò lójú bí ọmọ kéú ti ń fọ wàláà. Àpá tí ó fẹ̀ ni yóò gé kúrò, tí yóò sì rán ojú rẹ̀ pọ̀ kí ó lè di tẹ́ẹ́rẹ́. Àpá ńlá lọ, àpá kékeré rọ́pò rẹ̀. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àpá ẹlòmíràn a máa wú ju ojú egbò lọ, pàápàá ní etí, àgbọ̀n, èjìká àti àyà. Bí àpá rẹ tàbí ti òbí rẹ bá máa ń wú, sọ fún dókítà kí abẹ tó kàn ọ́. Béèrè iye owó, béèrè bí ìrora yóò ti tó, béèrè iye ọjọ́ tí ojú yóò fi wú. Dókítà gidi kì í bínú sí ìbéèrè.

Ta ni yóò ṣe é? Kì í ṣe onídìrí, kì í ṣe ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ sí ojú ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ abẹ àtúnṣe jẹ́ iṣẹ́ wọn, bí àwọn ti Igbóbì tàbí ti Ìdí-Àràbà.

Bíbóra ni ó burú jù. Kí ni ó bàjẹ́ tí à ń tún ṣe níbẹ̀? Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àìsàn. Ìpara tí wọ́n pò pọ̀ sínú ike tí kò ní àkọlé, ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa ti ara ìyá dé ara ọmọ inú. Láti 1972 ni àwọn dókítà ní Nairobi ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn dàrú, tí wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì ní 2013, Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2018. Hydroquinone tí a lò fún ọdún pípẹ́ lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú bí aró, kí ẹni tí ó ń wá pupa pàdánù dúdú àti pupa pọ̀. Sítẹ́róọ̀dù tí dókítà kò fún ni a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kò sì ní tètè jinná. Arábìnrin, bí wọ́n bá ní láti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ lọ́la, awọ yẹn ni wọn yóò rán. Ẹni tí ó ti ń lò ó, kí ó má fi ìtìjú pa ara rẹ̀ mọ́. Kí ó tọ dókítà lọ kí wọ́n bá a dá a dúró bí ó ti yẹ, nítorí bí a bá ṣàdédé dá a dúró, ojú lè pọ́n kí ó sì máa ta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Suratul-Hujuraat, ẹsẹ ìkọkànlá, kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí láti máa pe ara wa ní orúkọ burúkú. Ẹni tí ń pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní "ọ̀kọlà" ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, àti ẹni tí ń sọ pé òun kò lè fẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ni wọ́n ń ran ènìyàn lọ sọ́dọ̀ oníke. Bí ẹ bá fẹ́ kí arábìnrin yín fi ìpara náà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Kí Allah fi ìwà ṣe wá lẹ́wà, kí Ó sì dáàbò bo ara tí Ó fi ṣe àmáánà sí wa lọ́wọ́. Aamiin.