ÌSỌ̀ TÍ AFỌ́JÚ KÒ LÈ WỌ̀
Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Ilé-Ogbó

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ òwò ni ọ̀rọ̀ òní. Kò sí ọmọ Ilé-Ogbó tí kò mọ bí ọjà ṣe rí. Bí afọ́jú bá fẹ́ ra gàrí, yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka wò ó bóyá ó kúná, yóò jù ú sẹ́nu láti mọ̀ bóyá ó kan. Yóò béèrè iye owó, ìyá ọlọ́jà yóò dá a lóhùn, wọn yóò jọ ná an títí yóò fi gún. Adití yóò nàka sí ohun tó fẹ́, yóò fi ìka ka iye tó lè san. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e yóò rán ọmọ, tàbí kí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ gbé ẹrù tọ̀ ọ́ wá. Ọjà àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ àti ariwo rẹ̀, kò lé akàndá ẹ̀dá padà.

Nísinsìnyí, ọjà ti ń kó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta aṣọ, ìwé, oyin àti epo pupa ti ń ní ìsọ̀ tí kò ní òrùlé, tí ará Èkó àti ará Lọ́ńdọ́nù lè wọ̀ láti ilé wọn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí wà fún. Bí aláìríran bá dé ibẹ̀, kò rí ẹni bi léèrè, kò sì rí gàrí fọwọ́ kàn.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni afọ́jú ń fi fóònù ṣe. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì wo inú fóònù ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí ń ka ohun gbogbo tó wà lójú fóònù sókè. TalkBack ni wọ́n ń pè é lórí fóònù Android. VoiceOver ni ti iPhone, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ti kọ̀ǹpútà náà wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní NVDA, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006. James Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀, sì bá a gbé e ró. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn tí ayé ń ṣàánú ló ṣe irinṣẹ́ fún ayé.

Ẹ̀rọ yìí dà bí odídẹrẹ́ tí wọ́n mọ Ìwó mọ́: ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ ni yóò sọ. Bí ọlọ́jà bá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwòrán ọjà rẹ̀ pé "Jálàbíà funfun, gígùn rẹ̀ dé ọrùn-ẹsẹ̀, náírà 15,000", ohun tí aláìríran yóò gbọ́ nìyẹn. Bí kò bá kọ nǹkan kan, "àwòrán" ni ẹ̀rọ yóò máa wí, "àwòrán, àwòrán", títí yóò fi sú olùrà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń kọ iye owó, àwọ̀ àti ìwọ̀n sínú àwòrán gan-an. Lójú ẹni tó ríran, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ gbàgàdà. Létí ẹni tí kò ríran, ìsọ̀ òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnì tí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ ọjà sí lára, tí wọn kò fún lórúkọ. Aláìríran yóò gbọ́ "bọ́tìnì", kò ní mọ̀ bóyá òun fẹ́ ra ọjà ni tàbí òun fẹ́ pa gbogbo ohun tí òun ti yàn rẹ́.

Ibi ìsanwó ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀ràn ńlá. Ká sọ pé olùkọ́ kan tí kò ríran, tó ń gba owó oṣù, fẹ́ ra ìwé fún ọmọ rẹ̀. Ó yan ìwé, ó dé ibi ìsanwó, odindi àpótí mẹ́ta tí kò lórúkọ ló bá pàdé, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó wo àwòrán kí ó fi hàn pé ènìyàn ni òun. Kí ni yóò ṣe? Yóò pe ọmọ aládùúgbò, yóò fi káàdì bánkì lé e lọ́wọ́, yóò sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ aládùúgbò jẹ́ olóòótọ́. Ẹyọ kan tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tó láti kó owó oṣù náà lọ. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, olè nìkan ni gbogbo ènìyàn yóò bú. Kò sí ẹni tí yóò rántí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà débi pé onílé owó ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣí i.

Àwọn ìlú òkèèrè ti gbé irú ọ̀ràn yìí dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1999, Bruce Maguire, aláìríran ará Ọsirélíà, fẹ̀sùn kan ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò eré Òlíńpíìkì ìlú Sydney pé òun kò lè ka ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Ìgbìmọ̀ náà ní àtúnṣe rẹ̀ yóò gba owó àti àkókò púpọ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n dá Maguire láre, wọ́n sì ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là Ọsirélíà fún un. Ní Amẹ́ríkà, Guillermo Robles, tí òun náà kò ríran, pe ilé-iṣẹ́ Domino's lẹ́jọ́ ní ọdún 2016 nítorí pé kò lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ ra oúnjẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Ilé-iṣẹ́ náà jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ; ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ náà kọ̀ láti gbọ́ ọ, ìdájọ́ tó fàyè gba ẹjọ́ Robles sì dúró.

Nàìjíríà náà ní òfin. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó sì ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀: owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà fún ilé-iṣẹ́, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ilé, ọ̀nà àti ọkọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n dá ọkùnrin kan tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ padà lẹ́nu ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Kíá ni àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ti ilé oúnjẹ náà pa. Gbogbo ìlú ló bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé wọ́n rí ẹnu ọ̀nà àti kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ti àwọn ènìyàn síta lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Oníṣòwò yóò wí pé oníbàárà mélòó ni yóò jẹ́ afọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní akàndá ẹ̀dá tó bílíọ̀nù 1.3, ènìyàn 1 nínú 6. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ Súrà Abasa mọ̀ pé ẹyọ afọ́jú kan ni Abdullah ọmọ Umm Maktum, nígbà tí ó wọlé tọ Ànábì wá, tí àwọn ọlọ́lá Kùráíṣì sì wà níkàlẹ̀. Nítorí ẹyọ ènìyàn kan yẹn ni Súrà náà ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá di ládánì ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú Bilal, tí Ànábì sì máa ń fi í ṣe adelé ìlú bí ó bá rìnrìn àjò.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò le tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Kí ọlọ́jà kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn gbogbo àwòrán, kí ó sì fún gbogbo bọ́tìnì àti àpótí lórúkọ. Kí lẹ́tà dúdú dáadáa lórí funfun. Lẹ́tà eérú lórí funfun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn yìí, àgbàlagbà pàápàá kò rí i kà. Kí ó má kàn wí pé èyí tó wà ní pupa ti tán. Kí ó kọ "Ó ti tán" sí i. Bí ó bá ṣe fídíò, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn ní kíkọ fún adití, kí ó má sì jẹ́ nọ́ńbà ìpè nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè tẹ bọ́tìnì tó kéré bí irúgbìn ata. Àjọ W3C ti kọ ìlànà lórí gbogbo èyí láti ọdún 1999, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Àǹfààní kan tún wà tí kì í jẹ mọ́ akàndá: ìsọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, tí kì í ṣe àwòrán gìrìwò, tètè ń ṣí níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìsọ̀ tirẹ̀ ti rí, kí ó tan TalkBack, kí ó da aṣọ bo ojú fóònù, kí ó gbìyànjú láti ra ọjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ẹni tí kò ríran tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, wà ní Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde níbẹ̀ ló mọ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n má pè é pẹ̀lú àánú. Iṣẹ́ ni, kí wọ́n san owó rẹ̀.

Ìkéde ìpàdé òní yìí náà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, àwòrán lásán ni: ọjọ́, àkókò àti ibi ìpàdé, inú àwòrán ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí aláìríran kan bá wà nínú ẹgbẹ́, "àwòrán" ni ó gbọ́. Kí akọ̀wé tún èyí tó ń bọ̀ kọ ní ọ̀rọ̀ kí Jímọ̀ tó dé.